Àwọn Tó Jókòó Sẹ́nu Ọlọ

"Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi o," Awòfín wí. "Ìlà kan tún wà níbẹ̀."

Ẹ̀rọ lásán ni Awòfín, kò lójú tí ìtìjú lè mú, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn á fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìka irin kan ṣoṣo ló ní. Òun ló fi ń tọ́ ọ̀pá ńlá náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìyá tó ń wá iná nínú irun ọmọ rẹ̀. Ó ti dúró sójú kan báyìí, kò kúrò níbẹ̀.

Adédìran tó ń darí ẹ̀rọ ìlọrin fa ọwọ́ irin sílẹ̀. Ọlọ tó ń yí bíríbírí bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Òtútù tó ń tú sí i lára dáwọ́ dúró, ìkúùkù funfun rẹ̀ sì wọ́ nílẹ̀ wá títí ó fi bo òun àti Ẹniìtàn dé orúnkún.

"Ṣé ibi tó wà lánàá náà ni?" Ẹniìtàn bi ẹ̀rọ náà.

"Ibẹ̀ náà ni, Àǹtí. Ó yí ọ̀pá po bí òwú."

Ẹniìtàn tẹ orí sílẹ̀, ó wo ara ọ̀pá. Ojú tirẹ̀ ló rí níbẹ̀, ètè rẹ̀ tó ti bó, àti òrùlé ilé ìlọrin tó ga débi pé àwọn ẹyẹ ń fò kiri lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà gùn ju òpópónà ọjà lọ, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ́ ọkùnrin tó bá di ọwọ́ ara wọn mú ò lè gbá a mọ́ra tán. Irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀, kó wá máa dán bí ojú omi tó dákẹ́! Láràárọ̀ tí Ẹniìtàn bá ti wọlé, tó bá ti rí i, ṣe ni orí rẹ̀ máa ń wú. Kò rí ìlà kankan. Ojú ènìyàn ò lè rí i.

Abẹ̀bẹ̀ máa rí i. Abẹ̀bẹ̀ Ńlá tí ọ̀pá náà máa gbé dúró lórí Òkè Ìdànrè kì í gba ìgbàkugbà. Ìyẹ́ rẹ̀ bo orí òkè láti igun dé igun. Tó bá ti ń yí, á máa fa ìrì kúrò nínú atẹ́gùn òkun, á sì máa rọ ọ́ sínú àmù gbogbo ilé, tọ̀sán tòru. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn á di sísán lára irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, sísán á di kíkán, ìlú á sì padà síbi tó wà lónìí, níbi tí Abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ti kán, tí bàbá ń fi èdìdì dí ẹnu àmù mọ́ ọmọ tirẹ̀. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀. Tí atẹ́gùn òkun bá fi lè padà kí ọ̀pá tó gòkè, kò sí ìrì láti fà mọ́ títí di àmọ́dún.

"Wọ́n ní láyé àtijọ́, omi ni wọ́n ń dà sórí irin tí wọ́n bá ń lọ ọ́, kó má baà gbóná," Adédìran wí. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ràn kí ibi kan dákẹ́.

"Omi tí a ń mu?"

"Òun náà. Wọ́n á dà á, á máa ṣàn lọ sílẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Dìran, ẹ má parọ́ mọ́ òkú."

Ẹniìtàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Òun ni afinijókòó ilé ìlọrin. Ọwọ́ rẹ̀ ló to àwọn tó wà lẹ́nu ọlọ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ, òun ló yọ́ fàdákà sí wọn nídìí. Ó mọ ẹni tó ń fa ìlà. Ó ti mọ̀ láti àná, kò kàn lè la ẹnu sọ ọ́ ni, torí pé ìyá rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni Bàbá Akínfọlárìn, olórí ilé ìlọrin, bá wọn. Ó kọ́kọ́ tẹríba fún ọlọ kó tó wo ojú alààyè kankan.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ohùn yín?"

"Wọ́n ń sinmi ni, Bàbá," Adédìran dá a lóhùn.

"Ìsinmi wo? Ṣé ikú tí wọ́n kú ò tó wọn í sinmi ni?"

Kẹ̀kẹ́ irin ni ọlọ náà, ó ga tó ènìyàn. Etí rẹ̀ yíká ni dáyámọ́ńdì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré ju kóró ilá lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹnì kan. Ní Ìdànrè, tí ènìyàn bá kú, wọ́n á gbé eérú rẹ̀ lọ sí ilé ìfúnpọ̀ nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ẹ̀rọ á ti fún un pọ̀ nínú ooru títí á fi di òkúta kan tó ń tàn. Ẹyọ kan péré ló ń jáde lára ènìyàn, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ìkókó. Kò sí ohun mìíràn tó le tó láti lọ irin Abẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ti lọ ló ń bá àwọn tó kù wá omi.

"Awòfín, kí lo rí?" Bàbá bèèrè.

"Ìlà kan ni, Bàbá. Ẹnì kan ló ga ju àwọn yòókù lọ lẹ́nu ọlọ. Òun nìkan ló ń ha irin."

"Ta ló ga?"

Ẹniìtàn ló dá a lóhùn. "Olórí wọn ni, Bàbá."

Gbogbo ọlọ ló ní olórí. Nígbà tí wọ́n bá ń fi àwọn òkú jókòó, ẹni tó bá ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lélẹ̀, wọ́n á tẹ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i nídìí kó lè yọ lórí àwọn tó kù, bí a ṣe ń gbé àpótí fún àgbà nígbà tí ọmọdé bá jókòó sílẹ̀. Àwọn yòókù á wá tẹ̀ lé e yíká. Olórí ọlọ yìí ni Ìyá Àwẹ̀ró, ẹni tó darí ilé ìlọrin kí Bàbá Akínfọlárìn tó gorí oyè. Òun ló bí Ẹniìtàn.

"Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni olórí ti ń ga," Bàbá wí. "Kò fa ìlà rí."

"Oje igi la fi ń lẹ̀ wọ́n nígbà yẹn, Bàbá. Oje máa ń rọ̀. Tí irin bá ti tẹ olórí mọ́lẹ̀ díẹ̀, á wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, òun àti àwọn tó kù á dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi oje sílẹ̀."

"Èmi ni. Oje ń jẹ́ kí wọ́n já bọ́. Ṣé o mọ iye ìyá àti bàbá ènìyàn tí a ti fi ìgbálẹ̀ gbá síta mọ́ eruku? Fàdákà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́."

"Kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlẹ̀, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. "Ìka ò dọ́gba, Ẹniìtàn. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àmọ́ tí a bá fẹ́ bu òkèlè, à ń ká wọn kí wọ́n lè dọ́gba."

"Ẹnu ìyá ẹ lo jogún," ni Bàbá fi dá a lóhùn.

Adédìran họ orí. "Ṣé a ò lè rọra fi ẹ̀mú yọ Ìyá wa ni? Wọ́n á dára pọ̀ mọ́ ọlọ mìíràn tó bá yá."

"Ẹ̀mú?" Ohùn Bàbá lọ sókè. "Ẹni tó bá ti jókòó, irinṣẹ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Àbí o fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ ìlú gbàgbé ọwọ́ ẹ, kí wọ́n má ṣí nǹkan kan fún ọ mọ́ ni? O mọ Fásanmí tó ń gbé lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ. Títí dòní olónìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣílẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣí àmù. Tí ìyàwó yẹn bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀, òùngbẹ ni í pa ọkùnrin náà títí tó fi máa dé."

"Tí a bá sì yọ wọ́n," Ẹniìtàn fi kún un, "fàdákà á fa àwọn aládùúgbò wọn jáde pẹ̀lú."

Bàbá rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Níta, àwọn ará ìlú ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin tí ọ̀pá máa gbà gòkè. Wọn ò pariwo. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í pariwo. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi lórí òkè ṣì ń fẹ́ sí apá àríwá, ó túmọ̀ sí pé atẹ́gùn òkun ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ sùn. Kí wọ́n tó fi ènìyàn jókòó sórí ọlọ tuntun tán, ọyẹ́ á ti dé, á sì ti lọ. Bàbá dúró níbẹ̀ tòun ti ọwọ́ lẹ́yìn.

Ẹniìtàn lọ bá ọlọ. Gíga tó ga yẹn nìkan ni àmì tí wọ́n fi ń dá olórí mọ̀, àmọ́ kò fìgbà kan nílò àmì. Bó bá ti wọlé láàárọ̀ ló ti máa ń rí i, tó ń tàn ní tirẹ̀. Á kí i, á sì sọ ohun tó ń lọ nílé fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣe agídí, bí ọbẹ̀ ṣe jóná. Àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí òbí wọn jókòó sẹ́nu ọlọ kì í wá wò wọ́n mọ́ lẹ́yìn ọdún kìíní. Òun kì í pa á jẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá yìí kọ́ ọ nígbà tó wọṣẹ́ ló wá sí i lọ́kàn, kò sì fẹ́ kó wá. Má ṣe jẹ́ kí ọlọ kan irin láìsí òtútù. Irin tó bá gbóná máa ń jẹ dáyámọ́ńdì, á máa lá a bí ọmọdé ṣe ń lá ṣúgà, títí á fi tán. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi òtútù dá afẹ́fẹ́ lóró títí tó fi ń di olómi, tí wọ́n á sì tú u sí ẹnu ọlọ. Kì í ṣe nítorí irin. Nítorí àwọn tó jókòó ni.

"Bàbá," ó pè, "ẹ jẹ́ ká ti òtútù pa."

Bàbá yíjú padà. "Ṣé orí ẹ pé?"

"Ká gbé ọ̀pá sẹ́yìn. Ká fi irin rírọ̀ tí a ò lò síwájú ọlọ, kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ga jù nìkan ló máa kàn án. Irin á jẹ ẹ́ títí á fi bá àwọn tó kù dọ́gba. A ò fi irinṣẹ́ kàn án, Bàbá. Irin kì í ṣe irinṣẹ́, iṣẹ́ wọn ni."

"Tí ooru bá pọ̀ jù ńkọ́? Fàdákà á yọ́. Gbogbo ìlú á já sílẹ̀ níbí yìí."

"Tí mo bá rí i tó ń làágùn, a ó ṣí òtútù."

"Awòfín, ìgbà wo ni fàdákà máa ń làágùn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá," ẹ̀rọ náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò sẹ́ni tó dán an wò rí tó máa fi kọ́ mi."

Bàbá sún mọ́ Ẹniìtàn. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìyá ẹ ni o. Tí irin bá jẹ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, kò sí ibi tí a ti tún máa rí i mọ́ láyé àti lọ́run."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́, ìmọ̀ náà sì ń dùn ún. Obìnrin kan níta ń fi ètè gbígbẹ kọrin fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n jọ ń gbọ́ ọ.

Bàbá gbọn orí. "Èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀! Obìnrin tó fi ọmọ owú lé mi yí gbogbo ilé yìí po lọ́jọ́ tí mo sùn lẹ́nu iṣẹ́! Èmi náà ni kí n wá pàṣẹ kí wọ́n gé e kúrú." Ó ṣí fìlà. "Ó dáa. Tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, èmi ni mo pàṣẹ. Adédìran, gbé ọ̀pá sẹ́yìn."

Wọ́n gbé irin rírọ̀ kalẹ̀. Adédìran mú ọwọ́ irin tó ń ṣí òtútù, Ẹniìtàn dúró síbi tó ti lè rí etí ọlọ. Ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yára títí ó fi dà bíi pé kò yí mọ́, ó kàn dúró gbagidi, ó ń kùn. Nínú kíkùn náà, igbe kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga, Ẹniìtàn sì mọ̀ pé ìyá òun ni, tó ń kan irin ṣáájú gbogbo wọn.

"Ẹ ti òtútù pa," ó wí.

Ìkúùkù funfun náà fà sẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná tú jáde.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó tíì rí i rí. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, inú òtútù ni wọ́n ti ń lọ irin, iná kì í sì í lè jó nínú ìkúùkù yẹn. Báyìí, ó ń tú jáde níbi tí ọlọ ti kan irin, wúrà wẹ́wẹ́, ó ń fò jìnnà, ó ń pínyà lójú òfuurufú, èyí tó pínyà tún ń pínyà, ó kan òrùlé, ó rọ̀ sílẹ̀, ó kú kó tó dé ilẹ̀, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Ara ọ̀pá ńlá tó ń dán gba gbogbo rẹ̀, ó sì fi hàn lẹ́ẹ̀kejì, títí ilé náà fi kún fún ìràwọ̀ lójú ọ̀sán gangan.

"Yéè!" Adédìran kígbe. "Ìyá wa ń tanná!"

"Bàbá mi àgbà sọ ọ́ fún mi," Bàbá Akínfọlárìn ń wí, ó ti kúnlẹ̀ láìmọ̀. "Ó ní irin máa ń tú òdòdó. Mo ní àlọ́ ni. Mo ní bàbá yìí ti darúgbó." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ìlú ti rọ́ wá, wọ́n dúró, ìmọ́lẹ̀ náà wà lójú gbogbo wọn.

Ẹniìtàn nìkan ni kò wo iná. Fàdákà ló ń wò, etí ló sì fi ń gbọ́. Igbe ìyá rẹ̀ ti ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ojú fàdákà ti ń yí padà: ó fẹ́ pupa díẹ̀, ó sì wá dà bíi pé omi rin ín, ó ń tàn bí iwájú orí ẹni tó ń gúnyán.

"Àǹtí, ó ti gbóná gan-an," Awòfín wí.

"Ẹniìtàn, ṣé kí n ṣí i?" Adédìran bèèrè.

Igbe náà ṣì wà. Ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tó fẹ́ já. Tí wọ́n bá ṣí òtútù báyìí, ìlà ò ní í lọ, gbogbo rẹ̀ á sì ti já sí òfo. Tí wọ́n bá dúró, gbogbo òkú tó jókòó sẹ́nu ọlọ yìí lè dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró."

"Ẹniìtàn!"

"Mo ní ẹ dúró díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Dìran!"

Ó ń sunkún báyìí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí ìlàágùn fàdákà tó fẹ́ kóra jọ di ẹ̀kán. Ó gbọ́ igbe náà tó rẹlẹ̀, tó rẹlẹ̀ sí i, tó wọ inú kíkùn àwọn yòókù, tí kò sì jáde mọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ọlọ.

"Ẹ ṣí i!"

Òtútù ya dé. Iná kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé kò sí rí, ìkúùkù funfun sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Nínú rẹ̀, ọlọ ń kùn, ó ń kùn. Ẹniìtàn ń retí kó gbọ́ ohùn òkúta tó ń já sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Awòfín na ìka rẹ̀ sára irin rírọ̀ náà, níbi tí ọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pẹ̀lú òtútù. Ó tọ́ ọ lọ, ó tọ́ ọ bọ̀. "Kò sí ìlà," ó wí. Ó tún tọ́ ọ wò, bíi pé òun náà ò gbà á gbọ́. "Bàbá, kò sí ìlà kankan."

Níta, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Adédìran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọlọ dúró, Ẹniìtàn gbé awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, ó sì tẹ̀ lé etí rẹ̀ yíká. Fàdákà ti di wọ́n mú pinpin. Gbogbo ìjókòó ló ní ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó yí i po, ó tún yí i po.

"Ṣé gbogbo wọn pé?" Bàbá bi í.

"Gbogbo wọn pé, Bàbá."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Èwo ni?"

Ibi tí olórí bá wà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó tẹ̀ lé e. Láìsí gíga yẹn, etí ọlọ kàn yí po ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń ti ara gbogbo wọn wá. Òun tó lè fi ojú dídì mú ìyá rẹ̀ láàárín èrò!

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, Bàbá," ó wí, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Bàbá fi ọwọ́ kan an léjìká, kò sọ pé kó má sunkún.

Wọ́n dá ọ̀pá padà síwájú ọlọ. Ìlọ ìkẹyìn ló kù, Awòfín ò sì jẹ́ kí ìlọ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ láìgba ohun tí òfin ní kó gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ fi ìka kan olórí wọn, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Bàbá bojú wò ó. Ẹniìtàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó gbé ìka lé etí ọlọ níbi tó ti bá ọwọ́ rẹ̀, lórí ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́.

"Kò sí olórí," ó wí. "Máa gbọ́ orúkọ gbogbo wọn."

"Mò ń gbọ́, Àǹtí."

Orúkọ ìkókó kan tí kò tíì hu eyín tó fi kú ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ sókè rí láti ọjọ́ tó ti jókòó. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan ké tòò. Ẹniìtàn ń pè wọ́n lọ, Bàbá Akínfọlárìn ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú iṣẹ́, ìka Ẹniìtàn sì ń rìn lórí wọn láìmọ ẹni tó ń kàn. Nígbà tó dé orúkọ ìyá rẹ̀, láàárín ọkùnrin kan tó ń sin ewúrẹ́ àti òmíràn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó pè é bó ṣe pe àwọn yòókù, ó sì kọjá sórí ẹni tó kàn.